Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo: bí ilé-ìwé ìjọ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ àkànṣe ẹ̀kọ́

Bí ìjọ bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àkànṣe ẹ̀kọ́ (ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí ara, ojú, etí tàbí ọpọlọ rẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́ tó yàtọ̀) nílé-ìwé òun, ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn: iyàrá tuntun, kẹ̀kẹ́ arọ, pátákó orúkọ lẹ́nu géètì. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ ti wà nínú kíláàsì yín báyìí, lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹsẹ̀ tíṣà kì í sábà dé. Òun ni ọmọ tó ń gba ipò 37 nínú ọmọ 38 ní gbogbo sáà. Òun ni wọ́n ní ojú rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Òun ni wọ́n máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó gba ọmọ kankan wọlé láti ìta.

Ìdí rèé. Ilé-ìwé tó bá kọ́kọ́ kéde nínú ìjọ, tó gba ọmọ 6 tàbí 7 tí ìṣòro wọn kò jọra lọ́jọ́ kan náà, tíṣà kan ṣoṣo ni yóò kó gbogbo wọn fún. Adití, ọmọ tó ní ọ́tísìmù (tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ìbáṣepọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀), ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di pẹ́ńsù mú, gbogbo wọn nínú iyàrá kan. Kó tó di ìparí sáà kejì, iyàrá náà ti di ibi tí wọ́n ń kó ọmọ pamọ́ sí, tíṣà náà sì ti ń wá iṣẹ́ míì. Ilé-ìwé tó bá fi ọmọ 3 inú ilé bẹ̀rẹ̀ yóò ti mọ ohun tí apá rẹ̀ ká kó tó di pé ó pe ẹlòmíì.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ẹ wò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Kí tíṣà kíláàsì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ọmọ tó ń kọ ọ́ lóminú sínú ìwé kan, kó má ju 5 lọ. Fún ọjọ́ ìwé 10, kó máa kọ ohun tó fi ojú rẹ̀ rí. "Kò lè da ohun tó wà lójú pátákó kọ láti ìjókòó ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó dà á kọ nígbà tó wá síwájú": èyí wúlò. "Ó ya ọ̀lẹ": èyí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sọ ohun tí a lè ṣe sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ojú àti etí wò kí ẹ tó sọ pé ọpọlọ ni. A ti rí ọmọ púpọ̀ tí wọ́n lù fún ọdún mẹ́ta nítorí àìsàn tí dígí ojú lè yanjú.

Ti ojú: ẹ ra káàdì lẹ́tà E tó ń kọjú sí òkè, sí ìsàlẹ̀, sí ọ̀tún àti sí òsì. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wọn mítà 6 sílẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí ọmọ yóò dúró. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni kí káàdì náà wà. Kí ọmọ fi bébà bo ojú kan. Kó má fi ìka tẹ̀ ẹ́, nítorí ojú tí a bá tẹ̀ yóò ṣú fún ìgbà díẹ̀, yóò sì ba àyẹ̀wò tirẹ̀ jẹ́. Ọmọ kò ní láti mọ ìwé kà. Ọwọ́ ni yóò fi júwe ibi tí ẹsẹ̀ E kọjú sí. Èyí tí kò bá lè rí ìlà tí wọ́n kọ 6/12 sí lára káàdì náà pẹ̀lú ojú kan tàbí méjèèjì, ẹ kọ lẹ́tà fún àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta dígí lẹ́bàá títì.

Ti etí: ẹ dúró lẹ́yìn ọmọ, ní ìwọ̀n gígùn apá kan sí i, kó má baà rí ẹnu yín. Kí ẹnì kan fi ìka dí ihò etí tí ẹ kò yẹ̀ wò, kó máa ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ 6 wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíì, kí ọmọ máa tún un sọ tàbí kó máa nàka sí àwòrán rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: bí a bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í hàn mọ́. Nítorí náà ẹ má fi *ọkọ́* àti *ọkọ̀* dán ọmọ wò. Ọmọ tí etí rẹ̀ dá ṣáká pàápàá yóò kùnà. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì wọn jìnnà síra: *bàtà, ìwé, omi, àga, ẹja, ṣíbí*. Bó bá kùnà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní etí kan, ilé ìwòsàn ló kàn. Ọmọ tí ọyún ń jáde létí rẹ̀ kò nílò àyẹ̀wò yín rárá. Ẹ fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ kó má da òróró tàbí ohunkóhun sí i. Ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, ó sì ní ti ojú.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìwé ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá ka Yorùbá geere tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń ṣòro, èdè ni ìṣòro rẹ̀, kò nílò àkànṣe ẹ̀kọ́. Ó nílò tíṣà tí yóò kọ́ ọ ní èdè tó gbọ́. Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí wọn ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì tìtorí ẹ̀ kù sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá pàápàá kò bá ṣeé kà, tí kò lè ya *bàtà* sí *bà* àti *tà* pẹ̀lú ẹnu, ìyẹn gan-an ni ẹ ń wá.

Ẹ pe àwọn òbí

Ìyá àti bàbá pa pọ̀ bó bá ṣeé ṣe, nínú ọ́fíìsì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n ń wá mú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè: ṣé ó ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé ara tàbí ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé gìrì mú un rí? Oṣù mélòó ló fi jókòó, tó fi rìn, tó fi sọ̀rọ̀? Oògùn wo ló ń lò? Pípọ́n ojú lẹ́yìn ìbí, bí kò bá rí ìtọ́jú, lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́. Àìsàn tó ń mú awọ inú ọpọlọ, tí ọrùn ọmọ máa ń gan sí, lè sọ ọmọ di adití láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ìdáhùn wọn yóò ran dókítà lọ́wọ́.

Ẹ má sọ orúkọ àìsàn. Tíṣà kì í ṣe dókítà. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì fi ìwé ọjọ́ 10 yẹn hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ní ayé ló ṣe é, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn ní kí wọ́n mú un lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó tún pàdé.

Níbi tó ti jẹ́ ilé-ìwé ìjọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ yóò jáde. Kí pásítọ̀ ka Jòhánù orí 9 pẹ̀lú àwọn òbí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù léèrè ẹni tó ṣẹ̀, ọkùnrin afọ́jú náà ni tàbí àwọn òbí rẹ̀, Jésù sì ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. A kò mọ ibòmíì nínú Bíbélì tó tún lè gbé ẹrù kúrò lórí ìyá báyìí. Ẹ gbàdúrà fún ọmọ náà bí ẹ ṣe ń gbàdúrà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kí ilé-ìwé má fi ọmọ kankan síwájú àpéjọ fún ìtúsílẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní kí ọmọ gbààwẹ̀ tàbí kó pa oògùn tì. Ọmọ tó ní wárápá tó ṣàdédé dá oògùn dúró lè ní gìrì tí kò ní dáwọ́ dúró, ó sì lè pa á.

Ìwé ètò ọmọ: ojú ìwé kan péré

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀: ohun tí ọmọ lè ṣe báyìí, ohun tó ṣòro fún un, àfojúsùn 2, kó má ju 3 lọ, ẹni tí yóò kọ́ ọ, ọjọ́ wo, aago mélòó, ìṣẹ́jú mélòó, bí a ó ṣe wọ̀n ọ́n, ọjọ́ àtúnyẹ̀wò. Òbí, tíṣà kíláàsì àti ọ̀gá ilé-ìwé yóò fọwọ́ sí i.

Àfojúsùn ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n kọ. "Yóò ṣe dáadáa sí i nínú ìwé kíkà" kò ṣeé wọ̀n. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Láàrin ọ̀sẹ̀ 8, yóò ka káàdì sílébù 24 nínú 28 láìsí ìrànlọ́wọ́, ní ọjọ́ 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀." Ọjọ́ 3 yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ lè rántí rẹ̀ lónìí kó sì gbàgbé lọ́la.

Ẹ má mú ọmọ jáde ní àkókò ìsinmi, tàbí ní àkókò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó ti ń dá a lọ́lá. Bí ọmọ bá mọ bọ́ọ̀lù gbá tí ẹ ń mú un kúrò lórí pápá kó lè wá ka sílébù, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò ti kórìíra sílébù náà.

Ìwé kíkà, ìṣẹ́jú 20, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀

Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà 25, bí a sì ṣe kọ ọ́ la ṣe ń pè é. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ti dá láàmú yóò rí ìsinmi níbẹ̀. Ẹ gé káádíbọ́ọ̀dù sí káàdì 28: fáwẹ́lì 7 (a, e, ẹ, i, o, ọ, u), kí ẹ sì so b, l àti k pọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ara káàdì wọ̀nyí nìkan, ọmọ lè to *ilé, ọ̀bẹ, ẹ̀bà, oko, ìlú, alẹ́, ẹ̀kọ́*. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó mọ̀ wọ́n nílé.

Ìṣẹ́jú 3 fún káàdì àtijọ́. Ìṣẹ́jú 5 fún sílébù tuntun 2, kó má lé. Ìṣẹ́jú 7 fún títo ọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Ìṣẹ́jú 5 fún kíkọ: ẹ da yanrìn gbígbẹ sínú páànù pẹlẹbẹ, kí ọmọ fi ìka kọ sílébù náà bó ṣe ń pè é jáde. Fún ohùn, ọwọ́ ni kí ẹ lò: ọwọ́ nísàlẹ̀ fún dò, láyà fún re, lókè orí fún mí. Ọmọ tí àmì ohùn kò yé lójú ìwé máa ń yára mọ̀ ọ́n bí ara rẹ̀ bá bá a lọ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: tíṣà ń kánjú, ó ń mú sílébù 5 wá lójúmọ́, tàbí ó ń bá ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó lè parí rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kà á. Ẹ ka 5 sínú kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, ìdáhùn ń bọ̀, ó kàn ń rìn pẹ̀lẹ́ ni.

Ní ìṣirò, ẹ kíyè sí bí a ṣe ń ka iye. Títí dé *mẹ́rìnlá* àròpọ̀ ni, láti *mẹ́ẹ̀ẹ́dógún* ó di àyọkúrò: *mẹ́tàdínlógún* jẹ́ 20 tí a yọ 3 nínú rẹ̀. Ó dùn mọ́ àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọmọ tí iye ń dà rú mọ́ lójú yóò gbọ́ "mẹ́ta" yóò sì kọ 3. Ẹ di ọwọ́ ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá pẹ̀lú rọ́bà, kí ó kọ́kọ́ máa pe 17 ní "mẹ́wàá àti méje" títí tí yóò fi dá a lójú, kí ẹ tó sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún un.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn àti èyí tí kò ríran

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wíwo ẹnu. *B* àti *m* jọra létè, *k* àti *g* kò hàn rárá, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò lè rí ohùn. Nínú èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, ọmọ tó ń wo ẹnu nìkan ń méfò ni. Èdè ọwọ́ ló nílò, láti kékeré, kí òbí rẹ̀ sì kọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀. Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ míṣọ́nnárì, ló dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960. Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ àti àwọn tó kọ́ ni púpọ̀ nínú èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò nílẹ̀ wa ti ṣẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jọ ti Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà adití wà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ. Ẹ gba ọ̀kan síṣẹ́, kí ẹ san owó rẹ̀ bíi ti tíṣà. Ọmọ tí kò tíì rí àgbàlagbà adití rí máa ń rò pé òun yóò dàgbà di ẹni tó ń gbọ́ràn.

Ní kíláàsì, tíṣà kò gbọdọ̀ dúró kí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn. Kó má sì máa sọ̀rọ̀ sí pátákó.

Ọmọ tó ríran díẹ̀: ẹ tẹ ìwé rẹ̀ ní ìwọ̀n lẹ́tà 18, dúdú lórí funfun, kí ìlà jìnnà síra. Máákà dúdú sàn fún un ju pẹ́ńsù lọ. Ọmọ tí kò ríran rárá nílò braille, ìwé afọ́jú tí a ń fi ìka kà, tíṣà tí kò mọ̀ ọ́n kò sì lè fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ ní alẹ́ kan. Àmì 6 ni, ní ìlà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 3. Lórí síléètì, láti ọ̀tún sí òsì la ti ń gún un, nítorí ẹ̀yìn bébà ni àmì náà yóò yọ sí. Bébà tó nípọn ni kí ẹ lò, ti ìwé àjákọ lásán yóò ya. Ilé-ìwé Pacelli ní Surulere, tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1962, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí tíṣà yín lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìsìn òwúrọ̀, àkọ́sórí àti ọmọ tó ń sá jáde

Ibí ni ilé-ìwé ìjọ ti yàtọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti sábà ń kùnà. Ìlù, àtẹ́wọ́ àti lasipíkà ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ lè dà bí ìyà lára ọmọ tó ní ọ́tísìmù. Bó bá ń sá, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ fún ọjọ́ 10: kí ló ṣáájú, kí ni ọmọ ṣe, kí ló tẹ̀lé e. Bí ìwé náà bá fi hàn pé ìgbà tí orin bá ròkè ló máa ń dìde, ẹ fi í jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, jìnnà sí lasipíkà, tàbí kó wọlé lẹ́yìn orin. Bó bá jẹ́ pé ìgbà ìṣirò ló máa ń pariwo tí tíṣà sì máa ń lé e jáde, ẹ ti rí i: ohun tó fẹ́ gan-an ni ẹ ń fún un. Ẹ dín iṣẹ́ náà kù, kí ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe fi káàdì bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi ìṣẹ́jú 2. Ẹgba kò sí nínú èyí. Ọmọ tí kò mọ ohun tó ṣe kò lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ìrora.

Fún àkọ́sórí, láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà yóò sọ "Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe…", ọmọ yóò fi "aláìní" parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, "ṣe aláìní". Lẹ́yìn náà, "èmi kì yóò ṣe aláìní". Báyìí, ọmọ náà ló ń parí ẹsẹ Bíbélì nígbà gbogbo, dípò kó bẹ̀rẹ̀ kó sì tàkìtì. Lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, ẹ fún un ní ipa tó lè ṣe dé òpin níwájú ìjọ, kó má jẹ́ ẹni tí wọ́n kàn mú jókòó láàrin.

Bí wárápá bá mú ọmọ ní kíláàsì

Ẹ wo aago. Ẹ kó àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú kọ́là rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí ẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbé ahọ́n mì, eyín ni ṣíbí máa ń dá. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má fún un ní omi, epo tàbí àgbo. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíì bẹ̀rẹ̀ kó tó jí, ilé ìwòsàn ni.

Àga, ilẹ̀kùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ọmọ tí ara rẹ̀ le tàbí tó rọ̀ jù gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́: ìdí dé ẹ̀yìn àga, orúnkún tẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tàbí àpótí. Ẹ we aṣọ mọ́ pẹ́ńsù rẹ̀ kó lè nípọn. Bó bá ń jẹun, kó jókòó gbọnrangandan. Ọmọ tí a dá orí rẹ̀ sẹ́yìn fún oúnjẹ lè gbé e sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Fún kẹ̀kẹ́ arọ, bí àkàsọ̀ bá ga ní sẹ̀ntímítà 1, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ gùn tó 12. Àkàsọ̀ 3 tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 15 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 45, nítorí náà mítà 5 ó lé díẹ̀ ni ẹ nílò. Bíríkìlà yóò fẹ́ ṣe mítà 2 kó lè fi sìmẹ́ńtì pamọ́. Ẹ má gbà. Ilẹ̀kùn, sẹ̀ntímítà 90. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe. Ọdún 5 náà ti pé.

Tíṣà

Ẹnì kan tó kàwé nípa àkànṣe ẹ̀kọ́ ló yẹ kó máa darí ètò yìí. Ẹ kàn sí Yunifásítì Ìbàdàn tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì àkànṣe ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977. Ẹ sì lè rán tíṣà yín lọ kàwé níbẹ̀, kí ìjọ san owó ilé-ìwé, kí tíṣà náà sì fọwọ́ síwèé pé òun yóò padà wá ṣiṣẹ́. Kí tíṣà àkànṣe náà má ní ju ìwé ètò ọmọ 8 lọ lọ́wọ́. Kó má sì jẹ́ òun nìkan ló ń kọ́ wọn: tíṣà kíláàsì ló ni ọmọ, òun ń ràn án lọ́wọ́ ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ pé "ọmọ Àǹtí àkànṣe ni", ọmọ náà kò ní kíláàsì mọ́.

Ní ìparí ọdún ni iṣẹ́ sáà mẹ́ta máa ń ṣòfò. Ọmọ wọ kíláàsì tuntun, tíṣà tuntun kò mọ nǹkan kan, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti *a, e, ẹ*. Kí ọ̀gá ilé-ìwé fi ọjọ́ kan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà kẹta: tíṣà àtijọ́ àti tuntun, ìṣẹ́jú 30 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, fáìlì rẹ̀ lórí tábìlì, kí ọmọ náà wọlé ní ìṣẹ́jú 10 tó gbẹ̀yìn kó ka káàdì rẹ̀ sí tíṣà tuntun létí.